Ẹnu Kànga

Oṣù kejì nìyí tí Súbérù agbẹ́kànga ti ní
kí n ṣe ìkànnì fún òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
èyí tó máa dán,
kí àwọn ará Kútọnu má fojú di Àjàṣẹ́.
Ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lóru, mẹ́ta, mẹ́rin,
ọ̀kan gùn tó ìwáàsù Jímọ̀:
kí omi máa ṣàn lókè,
kí orúkọ òun máa tàn yinrinyinrin,
kí àwòrán òun wà níbẹ̀, òun àti mọ́tò tuntun,
mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mi ò lọ́gàá. Tábìlì tí ìyá mi fi ń lọ aṣọ
ni ọ́fíìsì mi, igun rẹ̀ kan ti jó.
Ojú ewé funfun báláú,
ó ń wò mí bí olówó èlé tó ká mi mọ́lé.
Mo fi búlúù sí i. Mo yọ búlúù kúrò.
Mo da omi sí i, omi tí mo rí he,
omi ìlú òyìnbó, tí kò mọ korobá, tí kò mọ okùn.
Iná lọ.
Mo dúpẹ́ pé iná lọ.

Ẹni tó bá bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ṣẹ́,
ilé ìwé kan ní Kútọnu ni mo máa ń dárúkọ.
Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.
Lìàdí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló kọ́ mi
kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.
Ó ń kun pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀:
orí mẹ́fà, irun mẹ́fà,
ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ojú ara rẹ̀.
"Ẹni tó wà lórí sẹmijan ò ráyè kàwé," a máa wí bẹ́ẹ̀.
"Kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì ni kí o ti mú un."

Mo jáde, mo gba ọ̀nà Wándo.
Ìyá Sẹ́míù ti to epo ọkọ̀ rẹ̀ sójú títì,
ìgò ńlá síwájú, kékeré tẹ̀lé e,
oòrùn ń gba inú wọn kọjá bí ẹni pé oyin ni.
Kò kọ nǹkan kan. Kò ké sí ẹnikẹ́ni.
Àwọn alùpùpù ń yà fúnra wọn.

Ọmọ kan gbé ẹ̀kọ kọjá:
"Ó ń jó ewé rẹ̀ o! Ó ń jó ewé rẹ̀!"
Kò pe ẹ̀kọ lẹ́kọ.
Mo dúró bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sí ẹrẹ̀.
Igba ọ̀rọ̀ ni mo ti kó jọ nípa omi,
ọmọ yìí ò dárúkọ ọjà rárá,
ọwọ́ mi ti wà lápò.

Mo jẹ ẹ̀kọ náà lójú ọ̀nà. Lóòótọ́ ló gbóná.
Mo délé, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́,
mọ́tò, ìmọ́lẹ̀, omi òyìnbó.
Mo kun ojú ewé ní pupa ilẹ̀ wa,
pupa tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò Súbérù.
Mo fi òbírí dúdú kan sáàárín.
Lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù.
Ó tán.

Súbérù yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.
"Ihò," ó ní. "Ihò lásán ni mo fẹ́ san
ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún sẹ́fà fún?"
Ó wà lẹ́nu mi kí n ní, kí ni ìwọ náà ń tà?
Mo gbé e mì.

Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀, Mùlíkátù, yọjú lábẹ́ apá rẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́rin, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀.
Ó tẹjú mọ́ dúdú náà.
Ó di etí fóònù mú
bí wọ́n ṣe ń di etí kànga mú,
ó tẹ̀, ó pè sínú rẹ̀:
"Úùù!"

A dákẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
à ń retí kó dáhùn.

Ìdajì owó mi ṣì wà lọ́wọ́ Súbérù.
Ó ní ó di ọ̀gbẹlẹ̀.